William Hunter: Dókítà tó ti sọ láti 1743 pé eegun rírọ̀ inú oríkèé tó bá bàjẹ́ kì í padà

Bí orúnkún bá ń dun àgbàlagbà, tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ bó bá ṣe fẹ́ dìde lórí àga, àwọn tó wà nítòsí á ní làkúrègbé ni. Orúkọ yẹn ò burú. Àmọ́ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú irú orúnkún bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni pé ohun funfun kan tó bo orí eegun ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ itan adìyẹ rí mọ ohun tí à ń wí. Ìpẹ̀kun eegun yẹn tó funfun, tó ń dán, tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa rún lẹ́nu, irú rẹ̀ ló wà nínú oríkèé èèyàn. Àwọn dókítà ń pè é ní cartilage. Eegun rírọ̀ la ó máa pè é níbí.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ fara balẹ̀ yẹ eegun rírọ̀ yìí wò dáadáa, tó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, ni William Hunter, ọmọ ilẹ̀ Scotland, tó kú ní 1783. Ohun tó kọ kò dùn-ún gbọ́ létí aláìsàn: ó ní bí eegun rírọ̀ bá ti bàjẹ́ tán, kì í tún padà. Ó ti lé ní 280 ọdún tó sọ bẹ́ẹ̀. Títí di òní, àwọn tó ń fi sẹ́ẹ̀lì wo orúnkún ní Sweden, Amẹ́ríkà àti South Korea, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ṣì ń bá jà. Ta wá ni ọkùnrin yìí?

Ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó di àlùfáà

Ọjọ́ 23, oṣù Karùn-ún, ọdún 1718 ni wọ́n bí Hunter ní Long Calderwood, ilé oko kan nítòsí East Kilbride, tí kò jìnnà sí ìlú Glasgow. Ọmọ keje ni nínú ọmọ mẹ́wàá. Ilé wọn kì í ṣe ilé olówó, ikú ò sì jẹ́ kí gbogbo àwọn ọmọ náà dàgbà.

Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó ṣiṣẹ́ Ọlọ́run. Ọmọ ọdún 13 péré ni nígbà tó wọ Yunifásítì Glasgow ní 1731, ó sì lo nǹkan bí ọdún márùn-ún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ àlùfáà ò wọ̀ ọ́ lára. Ó kúrò níbẹ̀ láìgba oyè kankan, ohun tó kàn tí yóò ṣe ò sì tíì yé e.

William Cullen ló là á lójú. Dókítà ni Cullen ní ìlú Hamilton nígbà náà, kò sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ju Hunter lọ. Lẹ́yìn náà ló wá di olùkọ́ ìṣègùn tí gbogbo Yúróòpù mọ̀. Láti 1737, Hunter ń gbé nílé rẹ̀, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Àwọn méjèèjì jọ ṣàdéhùn pé kí Hunter lọ kọ́ iṣẹ́ sí i ní Edinburgh àti London, kó padà wá, kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀: kí ọ̀kan máa fún àwọn èèyàn lóògùn, kí èkejì máa ṣiṣẹ́ abẹ.

Hunter lọ. Kò padà wá. Cullen kò bínú, ó tú u sílẹ̀ nínú àdéhùn náà, wọ́n sì ṣọ̀rẹ́ títí Hunter fi kú. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló nira díẹ̀. Ara bàbá ò le mọ́, ó sì ń fẹ́ kí ọmọ òun padà sílé, kò sì wù ú pé kó dúró sí London. Ọmọ yẹn dúró. Bàbá kú ní 1741.

Ilé Dókítà Douglas

Ní London, ilé William Smellie, agbẹ̀bí tó jẹ́ ọmọ Scotland bíi tirẹ̀, ni Hunter kọ́kọ́ dé sí. Lẹ́yìn náà ni James Douglas gbà á sílé. Ògbóǹtarìgì ni Douglas nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, ìwé ńlá kan nípa eegun ló sì ń ṣe lọ́wọ́. Ó ń wá ọ̀dọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tó lè máa bá a la òkú láti fi ṣèwádìí. Hunter bá a ṣe é, ó tún ń kọ́ ọmọ Douglas níwèé nínú ilé.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí Douglas fi kú, ní 1742. Ìwé ọ̀hún ò parí. Àwọn ará ilé Douglas ò lé Hunter jáde o, wọ́n mú un bí ọmọ. Wọ́n ní ó ti ń gbèrò láti fẹ́ Martha Jane, ọmọbìnrin Douglas, àmọ́ ọmọbìnrin náà kú ní 1744. Hunter ò fẹ́ ìyàwó kankan títí ó fi kú.

Iṣẹ́ eegun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nínú ilé yìí ló gbé e dé ọ̀rọ̀ oríkèé.

Ohun tó kà fún Royal Society

Ọjọ́ 2, oṣù Kẹfà, ọdún 1743 ni wọ́n ka iṣẹ́ Hunter níwájú Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gbajúmọ̀ jù ní London. Ọmọ ọdún 25 ni. Kò tíì di ọmọ ẹgbẹ́ náà pàápàá, 1767 ni wọ́n tó gbà á wọlé. Àkòrí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí bí eegun rírọ̀ inú oríkèé ṣe rí àti àrùn tó máa ń bá a jà.

Kò gùn, ṣùgbọ́n ó kún. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn kàn mọ̀ pé nǹkan kan wà lórí eegun tó ń jẹ́ kí oríkèé máa yọ̀ geere. Hunter fi hàn bí wọ́n ṣe tò ó. Ó fi wé aṣọ àrán. Bí fọ́nrán àrán ṣe ń dúró ṣánṣán lórí aṣọ tí wọ́n hun ún lé, tí wọ́n sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, bẹ́ẹ̀ ló ní fọ́nrán eegun rírọ̀ ṣe dúró lórí eegun gan-an. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tẹ àrán, tó sì gbé ọwọ́ kúrò, yóò rí i pé àrán á tún gbérí. Àlàyé tó ṣe nìyẹn fún bí oríkèé ṣe ń gba ìwúwo ara wa láàárọ̀ lálẹ́, tí orí eegun ò fi máa gún ara wọn.

Ó tún tọpa ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ìda yíyọ́ ni àwọn onímọ̀ máa ń tì sínú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ òkú. Tí ìda náà bá ti dì, wọ́n á lè fi ojú rí ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan gbà. Hunter rí i pé àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó wà létí oríkèé so kọ́ra wọn bí òrùka, wọ́n yí eegun rírọ̀ ká. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa kì í wọ inú eegun rírọ̀ náà. Ìdí tó fi funfun nìyẹn.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Tí ọ̀bẹ bá ge wá níka, ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀jẹ̀ á dì, á dí ojú ọgbẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì á gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n á máa tún ibi tó ya kọ́. Eegun tó ṣẹ́ náà, bákan náà ni, torí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Eegun rírọ̀ orí oríkèé ò ní àǹfààní yẹn. Omi tó ń yọ̀ nínú oríkèé ló ń fún un lóúnjẹ, bí a ṣe ń rìn tí à ń tẹ̀ ẹ́ ni omi náà ń wọ inú rẹ̀ tó ń jáde. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, oníkálùkù wà nínú yàrá tirẹ̀, kò lè rìn lọ síbi tí ọgbẹ́ wà. Kò sí iṣan ìmọ̀lára níbẹ̀ náà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé eegun rírọ̀ lè ti máa jẹ tipẹ́ kí ẹni tó ni orúnkún tó mọ̀. Ìgbà tí ìrora bá dé, nǹkan ti bàjẹ́ jìnnà.

Hunter kò mọ ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì o. Ìgbà ayé rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi kọ́ ara èèyàn. Àmọ́ ó mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà. Ó kọ ọ́ pé láti ìgbà Hippocrates, bàbá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì, títí dé ìgbà tirẹ̀, gbogbo èèyàn ló gbà pé egbò inú eegun rírọ̀ jẹ́ ìyọnu ńlá, pé ó ṣòro-ó wò ju egbò inú eegun gan-an lọ, àti pé èyí tó bá ti parun kì í padà mọ́.

Ẹ kíyè sí i. Lónìí, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń sọ pé Hunter ló ṣàwárí pé eegun rírọ̀ kì í san. Òun fúnra rẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn àtijọ́ ti mọ̀. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni pé ó ya ẹ̀yà ara náà sọ́tọ̀, ó fi bí wọ́n ṣe hun ún àti ibi tí ẹ̀jẹ̀ dúró sí hàn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá kà á lè béèrè pé kí ló fà á tí kì í fi í san. Ìbéèrè yẹn ló gùn ju ẹ̀mí Hunter lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀

Ó lọ sí Paris lẹ́yìn náà. Níbẹ̀ ló ti rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ la òkú láti kọ́ ẹ̀kọ́. Ní London, wọ́n kàn máa ń dúró lókèèrè wo olùkọ́ ni. Ní 1746, Hunter bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Covent Garden, ó sì polówó nínú ìwé ìròyìn pé bí wọ́n ti ń ṣe é ní Paris lòun yóò ṣe é. Èrò ya lọ. Wọ́n ní 70 gíní ni owó tó kọ́kọ́ wọlé, ó sì yá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lówó nínú rẹ̀ débi pé, nígbà tí àkókò ẹ̀kọ́ kejì tó, kò sí owó ìpolówó mọ́, ó ní láti sún un síwájú. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di ẹni tó ń ṣọ́ owó ná.

Ọ̀rọ̀ òkú yìí ò gbọdọ̀ lọ láìsọ. Níbo ni wọ́n ti ń rí gbogbo òkú tí wọ́n ń là? Òfin gbà kí wọ́n kó òkú apànìyàn tí wọ́n yẹgi fún lé àwọn dókítà lọ́wọ́, àmọ́ ìyẹn ò tó rárá. Àwọn ajísà-òkú ló ń kó ìyókù wá lóru, láti inú sàréè àwọn tálákà. Kò sẹ́ni tó gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹbí wọn. Ìmọ̀ tí à ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lónìí nípa oríkèé àti ilé ọmọ, ara àwọn tí wọn ò mọ orúkọ wọn ló ti jáde.

John, àbúrò rẹ̀

Ní 1748, àbúrò rẹ̀ John wá bá a ní London. Ọdún mẹ́wàá ni William fi jù ú lọ. John ò fẹ́ràn ìwé, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò lẹ́gbẹ́ tó bá di ká la ẹ̀yà ara. Kò pẹ́ tó fi di igi lẹ́yìn ọgbà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun náà ló ń bá àwọn tó ń kó òkú wá dúnàádúrà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá ó lé kó tó wọ iṣẹ́ ológun ní 1760. Nígbà tó padà, ó dá dúró, ó sì di oníṣẹ́ abẹ tí òkìkí rẹ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ lọ́nà kan.

Ìjà dé láàárín wọn ní 1780. John dìde níwájú Royal Society, ó ní òun lòun ṣàwárí bí ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ ṣe pínyà nínú ibi ọmọ, iṣẹ́ tí William ti ń sọ fún gbogbo ayé pé tòun ni. William fèsì, John náà fèsì. Ẹgbẹ́ náà ò dá sí i, wọn ò tẹ ọ̀rọ̀ wọn jáde. Ọmọ ìyá méjì tí wọ́n ti jọ la ẹ̀yà ara fún ọdún mẹ́wàá ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìjà ta ló kọ́kọ́ rí i yìí pọ̀ láàárín àwọn onímọ̀, títí dòní.

Agbẹ̀bí Ayaba

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ló sọ Hunter di olówó. Láyé ìgbà náà, obìnrin ló ń gbẹ̀bí, ọkùnrin tó bá ń ṣe é ń kọ́ ìtìjú ni. Hunter ní ìwà pẹ̀lẹ́ àti ohùn jẹ́jẹ́, àwọn ìyàwó olówó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ní 1762, nígbà tí Ayaba Charlotte, ìyàwó Ọba George Kẹta, fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀, Hunter wà lára àwọn tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi oyè dókítà Ayaba dá a lọ́lá.

Owó yìí ló fi ṣe ohun tí ìjọba kọ̀ láti ṣe. Ó ti bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ó ní òun á fi 7,000 pọ́ún owó òun kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara fún gbogbo ìlú. Wọn ò dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Ló bá ra ilẹ̀ ní Great Windmill Street, ó kọ́ ilé ńlá kan síbẹ̀, tó ní gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ àti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-pamọ́ nínú. Ẹni tó bá dé London lónìí lè rí apá kan ilé náà lára ilé tíátà Lyric.

Ní 1774 ló gbé ìwé ńlá rẹ̀ jáde nípa ilé ọmọ tí oyún wà nínú rẹ̀, tó ní àwòrán ńláńlá 34. Jan van Rymsdyk ló ya èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rántí Hunter, òun ló sì gba ọdún tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Iṣẹ́ orúnkún tó ṣe lọ́mọ ọdún 25, kò tún padà sí i lọ títí.

Àrùn oríkèé mú dókítà oríkèé

Ẹni tó kọ̀wé nípa oríkèé, àrùn oríkèé ló dà á láàmú nígbẹ̀yìn. Gáòtù ni, èyí tó máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ wú, tí ìrora rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn fi aṣọ bo ẹsẹ̀. Ní oṣù Kẹta, ọdún 1783, ó tún kì í mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó sinmi. Ní ọjọ́ 20, ó dìde lórí ibùsùn àìsàn, ó ní òun máa lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun. Bí ẹ̀kọ́ ṣe ń parí lọ ló dákú, wọ́n gbé e padà lọ sórí ibùsùn. Wọ́n ní John wá ń tọ́jú rẹ̀ ní àwọn ọjọ́ ìkẹyìn yẹn, ìjà tàbí kò sí ìjà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í ròyìn lẹ́yìn náà pé Hunter sọ fún òun pé ká ní òun lágbára láti di kálàmù mú ni, òun ì bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ikú ṣe rọrùn tó. Ọjọ́ 30, oṣù Kẹta ló kú, ọmọ ọdún 64. Ṣọ́ọ̀ṣì St James ní Piccadilly ni wọ́n sin ín sí.

Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, kò fún John ní ilé oko tí wọ́n bí wọn sí. Matthew Baillie, ọmọ àbúrò William obìnrin, ló fún. Baillie gbé ilé náà fún John. Gbogbo ohun tí William kó jọ, ìwé, owó ẹyọ àtijọ́, àwòrán, àti ẹ̀yà ara tó fi ń kọ́ni, ó fi sílẹ̀ fún Yunifásítì Glasgow tó ti kúrò láìgba oyè nígbà èwe rẹ̀, pẹ̀lú owó tí wọn yóò fi kọ́ ilé fún wọn. Ilé náà, Hunterian, ṣí ní 1807. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-pamọ́ náà ṣì wà ní Yunifásítì Glasgow dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe inú ilé àkọ́kọ́ yẹn ló wà mọ́.

Ìbéèrè tó fi sílẹ̀

Nǹkan bí ọdún 56 lẹ́yìn ikú rẹ̀, Theodor Schwann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ara ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. Ó rí i pé sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi kọ́ ara ẹranko, bíi ti ewéko. Eegun rírọ̀ wà lára ibi tó ti kọ́kọ́ rí i kedere. Ohun tí Hunter ò rí nìyẹn: inú àrán yẹn, ẹ̀dá kéékèèké wà tó ń hun ún.

Láti ibẹ̀ ni èrò ti yí padà. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá lè gbé sẹ́ẹ̀lì dé ibi tó bàjẹ́, ṣé ọwọ́ èèyàn ò lè gbé e débẹ̀?

Ọgbọ́n kan tí àwọn oníṣẹ́ abẹ dá, tí Richard Steadman sọ di gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà, ni pé kí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí eegun tó wà lábẹ́ ibi tó bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ àti mùdùnmúdùn eegun á tú jáde, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ á bá a jáde. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́ kan, tó ṣì lè di eegun, ọ̀rá tàbí eegun rírọ̀. Alexander Friedenstein àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Soviet ló fi hàn, láti àwọn ọdún 1960, pé irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ wà nínú mùdùnmúdùn. Ihò lílù yìí ń dín ìrora kù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ ohun tó máa ń hù níbẹ̀ jọ àpá ju àrán lọ, kì í sì í lágbára tó ti àkọ́kọ́.

Àwọn dókítà ní Gothenburg, ní Sweden, gba ọ̀nà míì. Lars Peterson, Mats Brittberg àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gé eegun rírọ̀ díẹ̀ láti orúnkún aláìsàn fúnra rẹ̀, níbi tí ìwúwo ò ti pọ̀, wọ́n yọ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, wọ́n jẹ́ kó bí sí i nínú yàrá ìṣèwádìí, wọ́n wá dá a padà síbi tó bàjẹ́. 1987 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún èèyàn. Ní 1994, wọ́n tẹ àbájáde èèyàn 23 jáde. Nínú 16 tí ìbàjẹ́ tiwọn wà ní ìpẹ̀kun eegun itan, 14 ló dára. Nínú àwọn méje tó jẹ́ ẹ̀yìn ọmọrí orúnkún, méjì péré ni. Wọn ò fi èyí tí kò dára pamọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú ìtọ́jú yìí ní 1997, wọ́n sì tún fọwọ́ sí èyí tuntun tí wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní 2016.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì eegun rírọ̀ tó ti dàgbà, tí wọ́n bá mú un bí léraléra nínú yàrá ìṣèwádìí, ó máa ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ó á bẹ̀rẹ̀ sí í hun ohun míì. Ìdí nìyẹn tí inú àwọn onímọ̀ fi dùn ní 2004, nígbà tí àwọn olùṣèwádìí ní Cardiff, ní Wales, fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wà lójú eegun rírọ̀ gan-an, lára màlúù tí wọ́n yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí irú rẹ̀ lára èèyàn. Àwọn wọ̀nyí lè bí dáadáa láìgbàgbé iṣẹ́ wọn kíákíá. Ìbéèrè tuntun wá dìde: bí wọ́n bá ti wà níbẹ̀ látẹ̀yìnwá, kí ló dé tí wọn kì í fi í tún ibi tó jẹ ṣe fúnra wọn? Ní 2020, àwọn olùṣèwádìí ní Stanford ní Amẹ́ríkà lu ihò sórí eegun eku, wọ́n fi èròjà méjì tì í lẹ́yìn, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ náà jí, ó sì hun eegun rírọ̀ tòótọ́ dípò àpá. Eku ni o, kì í ṣe èèyàn.

South Korea ti fọwọ́ sí oògùn kan láti 2012, tí wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun ṣe, fún orúnkún tí eegun rírọ̀ rẹ̀ ti jẹ. Àmọ́ àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, ti kìlọ̀ pé òun ò tíì fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ kankan fún làkúrègbé orúnkún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan ń tà á fún àwọn èèyàn lówó gọbọi. Ìtọ́jú ti 1997 àti 2016 tí wọ́n fọwọ́ sí, ojú kan tó bàjẹ́ nínú orúnkún tó ṣì dára ló wà fún, bí èyí tí eré bọ́ọ̀lù tàbí ìṣubú fà. Orúnkún àgbàlagbà tí eegun rírọ̀ rẹ̀ ti jẹ káàkiri, tí oògùn àti eré ìdárayá ò ràn mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń ṣe fún un ni pé wọ́n á gé orí eegun méjèèjì kúrò, wọ́n á fi irin àti ike rọ́pò rẹ̀.